Ojú Jàríátù Nínú Agolo

"Ọkùnrin tó fi ẹ̀wọ̀n rẹ sínú agolo, tó dé e, tó ń gbé e kiri Sokodé, òun náà lo ní o fẹ́ fẹ́? Jàríátù, ṣé orí rẹ pé?"

Ohùn Sàláwù gba orí àká iṣu kọjá sí ilé kejì. Kíkẹ́, àbúrò rẹ̀ obìnrin, sáré ti ilẹ̀kùn, ó ti fèrèsé mọ́ ọn, ó wá nawọ́ sí àwòrán Ọ̀gá Àgbà, olórí orílẹ̀-èdè, tí wọ́n kàn mọ́ ògiri, àfi bí ẹni pé bébà létí. Ní Kambolé, ní ilẹ̀ Togo ìgbà náà, ilé tí kò bá ní àwòrán yẹn, onílé ní àlàyé í ṣe. Ilé tó sì ní in, wọn kì í pariwo níwájú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rọra," ni Kíkẹ́ wí. "Ẹ bá ọmọ yín jà ní ohùn tí kò ní kọjá àtẹ̀gùn."

"Kí ló kù tí kò tíì kọjá àtẹ̀gùn? Rájí ti mọ̀ pé ẹnìkan gé wáyà. Ó ti rí ẹsẹ̀ obìnrin nílẹ̀. Ohun tó kù kó rí ni ojú. Ojú ọ̀hún sì wà lọ́wọ́ ẹni tó ní òun fẹ́ràn ọmọ mi."

Àgbàdo ni Jàríátù ń yin sínú abọ́, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí hóró ti tán lára èyí tó mú dání. Ṣùkù lásán ni ọwọ́ rẹ̀ ń yin.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí ìjà yìí, kó kọ́kọ́ mọ wáyà ná. Lọ́dún tí ìjọba ti ẹnubodè Benin, sójà kó òpó irin dé, wọ́n ta wáyà ẹlẹ́gùn-ún láti ẹ̀bá igbó ìjọba títí kọjá ìsàlẹ̀ oko Sàláwù. Wọ́n ní àwọn ń dáàbò bo ẹran ìgbẹ́ lọ́wọ́ ọdẹ. Irọ́ tó ń wọ bàtà ni. Oníyọ̀ àti aláṣọ tó ń gba ọ̀nà ẹsẹ̀ lọ bá ẹbí wọn lódìkejì ni wọ́n ta wáyà fún. Ẹran kò sì mọ èyí. Odò tí wọ́n ń mu wà ní Togo, igbó tí wọ́n ń bímọ sí wà ní Benin; ta ni yóò ka òfin sí àgbọ̀nrín létí? Wọ́n ń sáré bọ̀ bí àwọn ìyá wọn ti ń sáré bọ̀, wáyà a sì gbá wọn mú. Èyí tó bá kú sínú rẹ̀, òkú-ńbete ni, mùsùlùmí kankan kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án. Nítorí náà, àwọn ará oko ń jí sáré lọ síbẹ̀ láti dú èyí tó bá ṣì ń mí, pẹ̀lú Bísímílà. Èyí tí wọn kò bá bá, igún ló ni ín. Bí afẹ́fẹ́ bá ti ọ̀nà Benin wá, obìnrin tó ń fọ́mọ lọ́mú á fi ìborí dí imú tirẹ̀ àti tọmọ.

Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ kan wáyà náà. Dàda, aládùúgbò Sàláwù, fa òpó kan ṣoṣo tu, ó fi so ewúrẹ́. Àwọn jàndáámù, ọlọ́pàá ìjọba, wá, wọ́n mú un lọ sí ẹ̀wọ̀n ní àríwá. Láti ìgbà náà ni ìyàwó rẹ̀ ti ń bu oúnjẹ ọkọ sọ́tọ̀ lálaalẹ́, tó ń gbé e fún ewúrẹ́ láàárọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí kí Mọ́rúfù tó dé. Ọmọ Kambolé ni, Sokodé ni wọ́n ti tọ́ ọ, ó ń ya fọ́tò ní Kouloundè, àdúgbò kan níbẹ̀. Tíṣà òyìnbó kan tó ti padà sílùú rẹ̀ ló fi kámẹ́rà síníma sílẹ̀ fún un, irú èyí tí wọ́n ń yí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ bíi ti aago. Tíṣà ní kó ya ohun tí wáyà ń fi ojú ẹran rí, kó fi fíìmù náà ránṣẹ́. Òun yóò fi han àwọn tó dáwó wáyà náà lókè òkun, tí wọ́n rò pé ẹran làwọn ń gbà là.

Mọ́rúfù wá bá Sàláwù, ó ní òun fẹ́ kó fún òun ní àhéré tó wà nísàlẹ̀ oko. Sàláwù bi í pé kí ló fẹ́ fi àhéré ṣe. Èèyàn pọ̀ níkàlẹ̀, ẹnu ọmọkùnrin náà wọ́. Ojú rẹ̀ kàn ń bá Jàríátù lọ, tó ru omi kọjá. Kíkẹ́ rí ojú náà. Kíkẹ́, tó ti ṣe alárinà fún ìdajì àwọn ìyàwó ilé Kambolé, kì í rí irú ojú bẹ́ẹ̀ kó dákẹ́.

"Kí lẹ tún ń bi í, ẹ̀gbọ́n mi? Ìyàwó ló ń wá. Ó fẹ́ wá kọ ebè fún yín."

Gbogbo agbo rẹ́rìn-ín. Ní ilẹ̀ wọn, ẹni tó bá ń tọrọ ọmọ a kọ́kọ́ kọ ebè iṣu fún bàbá ọmọ, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ẹ̀yìn rẹ̀ le. Mọ́rúfù wo Kíkẹ́, ó wo Jàríátù, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àhéré ṣe di ọ̀rọ̀ ìyàwó. Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè kan ti ń jẹ Jàríátù lọ́kàn bí kòkòrò inú iṣu: ṣé èmi ló fẹ́ ni, àbí àhéré?

Ó kó àwọn ọ̀rẹ́ Kouloundè wá fún ebè náà, mẹkaníìkì kan àti agẹrun kan. Kí oòrùn tó mú, àtẹ́lẹwọ́ wọn ti bó. Jàríátù gbé omi wá, ó dúró, ó wo ebè wọn láti òkè délẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ebè lẹ kọ yìí ni, àbí ibojì adìẹ?"

"Adìẹ ni mo fi wọ̀n ọ́n," ni Mọ́rúfù dáhùn láìgbé orí. "Bí o bá fẹ́ ti màlúù, mú ọkọ́ wá ká jọ kọ ọ́."

Ó mú ọkọ́ wá lóòótọ́. Ebè mẹ́ta ló kọ kí Mọ́rúfù tó parí ọ̀kan. Ẹ̀rín tí ọmọkùnrin náà rín sí ara rẹ̀ lọ́jọ́ náà ló kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ lára, nítorí ọkùnrin tó mọ bí a ti í fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín kò pọ̀ ní Kambolé.

Lẹ́yìn ìyẹn, ó ń gbé kókó ògì gbígbóná lọ fún un ní àhéré láàárọ̀. Mọ́rúfù jẹ́ kó fi ojú kan sí kámẹ́rà, ohun tó jìnnà sì súnmọ́ ọn dé ẹnu imú. Wọn kì í sọ̀rọ̀ sókè níbẹ̀ nítorí ẹran, wọn kì í sọ ọ́ sókè nítorí sójà. Nínú sísọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ yẹn ni ìfẹ́ ti bá wọn.

Àárọ̀ tó ba nǹkan jẹ́ kò yàtọ̀ sí èyí tó ṣáájú rẹ̀. Ọmọ àgbọ̀nrín kan yọ́ gba abẹ́ wáyà kọjá. Ìyá rẹ̀ kò lè yọ́. Ìyá lọ, ó bọ̀, ó fi àyà gún ẹ̀gún, ó tún padà gún un, ọmọ ń ké lódìkejì. Jàríátù kò mọ ìgbà tó mú pẹ́ǹsì, ẹ̀mú tí wọ́n fi ń gé irin, tí mẹkaníìkì gbàgbé sínú àhéré. Ó kàn mọ̀ pé òun ti wà nídìí wáyà, tí irin ń já lọ́wọ́ òun, tán-ìn, tán-ìn. Ìyá sáré kọjá lára rẹ̀, òmíràn tẹ̀ lé e, òmíràn tún tẹ̀ lé e, agbo tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé ó dúró nínú koríko. Ó yíjú padà láti rẹ́rìn-ín sí Mọ́rúfù. Ojú kámẹ́rà ló bá pàdé.

Mọ́rúfù yọ fíìmù, ó fi í sínú agolo rẹ̀ pẹlẹbẹ, ó lẹ ẹnu agolo pa, ó mú ọ̀nà Sokodé pọ̀n.

Rájí kò pẹ́ kó tó dé. Rájí ni aṣojú Ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ òṣèlú Ọ̀gá Àgbà, ní Tchamba, tó ń gun mòbìlẹ́ẹ̀tì tuntun, tó ti ń fẹ́ Jàríátù ṣe ìyàwó kejì láti ọjọ́ yìí. Ó jókòó, ó mu omi, ó ní ẹnìkan ti gé wáyà ìjọba, ó ní obìnrin ni. Bí ó ti lọ tán ni Jàríátù jẹ́wọ́ fún Kíkẹ́, Kíkẹ́ sọ fún Sàláwù, ohùn Sàláwù sì gba orí àká kọjá.

"Bàbá," ni Jàríátù wá wí, nígbà tí ìbínú bàbá rẹ̀ ti rọ̀ di mímí, "ẹ jẹ́ kí n lọ Sokodé. Màá gba agolo náà bọ̀."

"Bí kò bá fún ọ ńkọ́?"

Jàríátù dìde, ó lọ di ẹrù.

Kíkẹ́ ló bá a lọ. Ní bàríà Tchamba, sójà dá ọkọ̀ dúró, ó ní kí ẹni tó bá ti Kambolé wá bọ́ sílẹ̀. Jàríátù di ìjókòó mú. Kíkẹ́ fi èdè Tem bú ọmọ sójà náà pé ṣé kò rí i pé inú ń run ọmọ òun ni, ó ní bí ó bá bì sí i lára, kó má sọ pé òun kò wí. Sójà yẹra.

Ṣọ́ọ̀bù Mọ́rúfù ní Kouloundè kò ju kóńtà kan àti aṣọ dúdú tó fi pààlà yàrá fọ́tò. Ó rí wọn, ojú rẹ̀ tàn, ó wá rí ojú Jàríátù, tirẹ̀ sì pa. Kíkẹ́ ní òun ń lọ ra ọ̀sàn.

"Ẹ fún mi ní agolo náà."

Mọ́rúfù ní bí ìmọ́lẹ̀ bá kan fíìmù náà, ó bàjẹ́ títí láé. Ó ní kò ní ẹ̀dà, òkè òkun nìkan ni wọ́n ti lè fọ̀ ọ́. Ní pósítà tí wọ́n ti ń fi lẹ́tà ránṣẹ́, wọ́n ń tú ẹrù. Ọ̀nà Benin ló kù, òun sì ń wá ẹni tó máa gbé e kọjá.

"Ẹ gé ibi tí mo wà kúrò nígbà náà."

"Jàríátù, òkú ló wà nínú ìyókù. Òkú, igún, eṣinṣin. Ẹni tó bá wò ó á káàánú, á sì lọ jẹun. Ibi tí agbo ti ń gbà kọjá yẹn nìkan ni èèyàn ti lè rí ohun tí ẹran ń wá. Wọ́n jáde ní ẹ̀yìn rẹ bí omi."

"Ojú mi náà sì jáde."

"Ojú rẹ náà."

"Bí wọ́n bá mú mi ńkọ́?"

"Màá sọ pé èmi ni mo gé e."

"Wọ́n á wo fíìmù, Mọ́rúfù. Ṣé ìwọ náà lọ́mú ni?"

Ọjọ́ náà ló kọ́kọ́ pè é ní ìwọ. Mọ́rúfù fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rí i rín. Jàríátù bá béèrè ohun tó ti ń jẹ ẹ́ láti ọjọ́ ebè. Ó ní lọ́jọ́ tí Kíkẹ́ sọ̀rọ̀ lójú agbo, òun ni Mọ́rúfù fẹ́ ni, tàbí àhéré? Ó ń retí irọ́. Ó ti múra sílẹ̀ láti gba irọ́ náà, kó sì fi í tu ara nínú.

"Àhéré ni," ni Mọ́rúfù wí. "Lọ́jọ́ tí o fi ibojì adìẹ bú mi, n kò rántí àhéré mọ́."

Jàríátù jáde láìdágbére. Kíkẹ́ ti wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀sàn, etí rẹ̀ ti gba gbogbo rẹ̀. Mọ́rúfù sáré bá Kíkẹ́, ó ní ó mọ ọ̀nà Benin bí ẹni mọ yàrá rẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ kó bá òun gbé agolo kọjá. Kíkẹ́ ní iyọ̀ lòun ń rù, òun kì í ru ojú olójú.

Wọ́n padà sí Kambolé lọ́wọ́ òfo. Sàláwù kò pariwo mọ́, ìyẹn ló sì ba Jàríátù lẹ́rù jù. Lẹ́yìn ìrun alásàrí, ó ṣì wà lórí ẹní rẹ̀, ó pe ọmọ rẹ̀ jókòó. Ó ní òun ti rò ó, òun yóò gbà kí Mọ́rúfù fẹ́ ẹ.

"Lọ́jọ́ yìgì, wọ́n á bi ọ́ pé kí ni sàdáàkì rẹ. Ohun tí obìnrin bá dárúkọ lọ́jọ́ náà, ọkọ gbọ́dọ̀ gbé e kalẹ̀ lójú ẹlẹ́rìí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò sí yìgì. Dárúkọ agolo náà. Bí ó bá kọ̀, ìtìjú rẹ̀ ni, mo sì ti gbà ọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá fún ọ, iná ìrẹsì wà lẹ́yìnkùlé. A ó sun ún, wàá lọ sílé ọkọ rẹ láìsí gbèsè ẹ̀wọ̀n lọ́rùn."

Jàríátù gbà. Ó wo bàbá rẹ̀, ó rí i pé ẹ̀rù ti mú irùngbọ̀n rẹ̀ funfun láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó sì gbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé obì ìtọrọ wá, tí Mọ́rúfù dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níwájú Sàláwù, ó ń dúpẹ́ bí ẹni tí wọ́n fún ní ọ̀run, Jàríátù kò lè wò ó. Pańpẹ́ la dẹ fún ọkùnrin yìí, ni ó ń wí nínú ara rẹ̀. A dẹ ẹ́, a sì fi obì bò ó lójú. Bí ó bá fún mi, mo ti tàn án. Bí kò bá fún mi, kò fẹ́ràn mi rí. Èwo ni mo tilẹ̀ ń gbàdúrà fún?

Ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó kù sí dẹ̀dẹ̀ nígbà tó lọ ṣẹ́gi nísàlẹ̀ oko. Wọ́n ti di ibi tó gé, wọ́n sọ wáyà di ìlọ́po méjì. Ẹfọ̀n kan dúró síbẹ̀. Ó kọ́kọ́ rò pé ó wà láàyè, nítorí ó nàró, ó kọjú sódò, ojú rẹ̀ là. Wáyà ló gbé e ró. Eṣinṣin ń wọlé, wọ́n ń jáde nímú rẹ̀.

"Ó ga, àbí?" ni ohùn kan wí lẹ́yìn rẹ̀.

Rájí ni, òun àti sójà méjì. Ó ń wo ẹsẹ̀ Jàríátù, kò wo ojú rẹ̀.

"Ẹsẹ̀ rẹ kéré," ni ó wí, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni tó ń yin ọmọdé. "Ẹsẹ̀ tí mo rí níbí náà kéré. Nílé mi, kò sẹ́ni tó ń wọn ẹsẹ̀ ìyàwó mi. Ilé ayafọ́tò ni n kò mọ̀."

Igi já lọ́wọ́ Jàríátù. Ó ṣà á, ó rù ú, ó rọra ń rìn lọ. Kò sáré, nítorí ẹni tó bá sáré ti jẹ́wọ́. Títí tó fi délé, ó ń rí ẹfọ̀n tó kú lóòró. Ó ń rántí àwọn tó ń dáwó lókè òkun, tí wọ́n ń sùn dáadáa.

Ọjọ́ yìgì pé. Àwọn ọkùnrin jókòó níta lábẹ́ igi máńgòrò, Rájí sì wà láàárín wọn pẹ̀lú báàjì Ẹgbẹ́ láyà, nítorí ta ni yóò ṣe ìgbéyàwó tí kò ní pe Ẹgbẹ́? Jàríátù wà nínú yàrá láàárín àwọn obìnrin, ìborí bò ó lójú. Ẹlẹ́rìí méjì wá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, wọ́n bi í bóyá ó gba Mọ́rúfù lọ́kọ. Ó ní òun gbà. Wọ́n bi í ní sàdáàkì.

"Agolo pẹlẹbẹ tó ń gbé kiri láti Sokodé," ni ó wí. Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹ̀fọn lọ.

Àwọn ẹlẹ́rìí wojú ara wọn, wọ́n lọ jíṣẹ́ níta. Ariwo kékeré kan sọ, ó sì kú. Ẹnìkan ní kó gba màlúù. Jàríátù gbọ́ ohùn Rájí tó ń béèrè pé kí ló wà nínú agolo ọ̀hún.

"Ojú ìyàwó mi ni," ni Mọ́rúfù wí níta.

"Ayafọ́tò," ni Rájí wí, ó rẹ́rìn-ín. "Mú un wá kí n wò ó."

Ohùn àfáà àgbà ló wá. "Mésíyé Rájí, sàdáàkì obìnrin ni. Bàbá rẹ̀ pàápàá kò gbọdọ̀ ṣí i. Òun nìkan ló ni ín láyé àti lọ́run. Ẹ jẹ́ ká ka Fátíà."

Ẹlẹ́rìí gbé agolo wọlé, ó gbé e lé orí itan Jàríátù. Ó ní ọkọ ìyàwó kò jà sí i, kò tilẹ̀ ronú. Ó kàn ní kí wọ́n sọ fún un pé ẹnu agolo náà ṣì lẹ̀ pinpin, ìmọ́lẹ̀ kò tíì kàn án. Níta, wọ́n ń ka Fátíà. Nínú, àwọn obìnrin bú sí ìlù ọwọ́ àti orin.

Agolo náà tutù, kò sì wúwo rárá. Èyí ni gbogbo ẹ̀rù òun? Jàríátù fọwọ́ pa á. Láti àárọ̀ tó ti gé wáyà, bàbá rẹ̀ ti fẹ́ sun ojú rẹ̀, Mọ́rúfù ti fẹ́ fi ránṣẹ́, Rájí ti fẹ́ fẹ́ ẹ, ẹnikẹ́ni kò sì bi í. Mọ́rúfù ti wá fi í lé e lọ́wọ́ báyìí, láìbẹ̀bẹ̀. Jàríátù fa ìborí Kíkẹ́, ó sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí i létí. Kíkẹ́ fà sẹ́yìn, ó wò ó bí ẹni tó ń wo àlejò. Ó bi í lẹ́ẹ̀kan pé ṣé ó dá a lójú. Ó dá a lójú. Ẹ̀rù ń bà á dé eyín, ó sì dá a lójú.

Nígbà tí Sàláwù wọlé, ayọ̀ ti mú ojú rẹ̀ rọ̀ bí ti ìgbà tí ìyá Jàríátù wà láàyè. Ó ní kí àwọn obìnrin fún òun láàyè, wọ́n jáde. Ó nawọ́.

"Iná ti ràn. Mú un wá."

"Kò sí níbí, Bàbá."

"Ibo ló wà?"

"Tàǹtí Kíkẹ́ ti gbé e gba ẹ̀yìnkùlé. Á ti kọjá odò sí ọ̀nà Benin báyìí."

Sàláwù kò lóye. Ó wo itan rẹ̀, ó wo ẹní, ó wo ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tó ṣí sílẹ̀.

"Ojú ta ló wà nínú ẹ̀?"

"Ojú mi ni, Bàbá. Èmi ni mo ni ín."

Ọwọ́ bàbá rẹ̀ bà á létí, gbàà, orin obìnrin tó wà níta sì dá.